Iná Tí Wọ́n Dá fún Mogia

Ọ̀sán gangan ni Bomai kú, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n rí i tó sáré jáde nílé, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, tó gba àárín oko kọfí lọ bí ẹni tí oyin ń lé. Kí wọ́n tó bá a, ó ti wà nísàlẹ̀ àpáta tó wà létí odò. Bóyá ó yọ̀ ni o, bóyá ó fò ni o, kò sí ẹni tó lè sọ. Ohun tí gbogbo abúlé Kundigle rí ni pé ojú òsì rẹ̀ wú, ó sì pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀tún mọ́ kedere bí ojú ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Ikú wo ló ń yan ojú kan nínú méjì? Ìbéèrè yẹn ni wọ́n gbé wọ ilé ọ̀fọ̀, Mogia ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì di ìdáhùn rẹ̀ rù.

Àwọn obìnrin yòókù fi amọ̀ para, wọ́n ń fa irun orí wọn tu. Mogia jókòó jẹ́ẹ́ ní tirẹ̀. Ó ti sunkún tán kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ẹni tó bá rí ọkọ tó ń fi orí gbá òpó ilé, tí òun sì ń dì í mú títí apá fi ń ro ó, omi ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́kù púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Dru, ìyá Bomai, na ìka sí i lójú gbogbo ayé.

"Ẹ wo ojú rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ẹni tó ti jẹun yó kì í sunkún ebi."

"Ìyá, tó bá jẹ́ pé mo jẹ ẹ́ ni, ṣé bí mo ṣe máa rí nìyí?" ni Mogia dáhùn. "Ẹ wò mí, egungun lásán."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ilé òkú kọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kó bá wọn wa ọ̀dùnkún lóko kan náà mọ́.

Àwọn ará Kundigle mọ bí àjẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni. Ohun abẹ̀mí kan ló ń gbé inú obìnrin náà, ẹyẹ ni o, àdán ni o, eku ni o. Á jáde, á lọ yọ ọkàn ènìyàn, á lọ fi pamọ́ sábẹ́ òkúta. Tí wọ́n bá fi iná han obìnrin náà tí ẹ̀rù bà á, á dá ọkàn náà padà, aláìsàn á sì dìde. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní lórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó bá lè dá ìrora dúró, òun ló ń rán an. Òfin tó dùn ún sọ lẹ́nu ni, títí ọjọ́ tó bá kan ẹni tó ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn ikú Bomai, nǹkan ò rọgbọ fún agbo ilé náà. Kòkòrò wọ kọfí. Abo ẹlẹ́dẹ̀ Dru bímọ, ó sì pa àwọn ọmọ náà jẹ. Wemin, ìyàwó Siune tí í ṣe àbúrò Bomai, kò rí oyún ní. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, wọn á yíjú sí ilé opó. Mogia ì bá ti kúrò fún wọn, ṣùgbọ́n ogun ìdílé ti pa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán lábúlé baba rẹ̀. Kò ní ibi tó máa padà sí.

Ọjọ́ kan, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rékọjá orí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, Mogia ń kọjá lọ. Siune ń la igi, Wemin jókòó tì í pẹ̀lú ìkòkò omi gbígbóná, ó ń bó ọ̀dùnkún. Mogia ṣàdédé dúró. Ìpéǹpéjú òsì Siune ti wálẹ̀, omi ń jáde nínú ihò imú kan, ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ láìmọ̀. Ó mọ àmì yìí dáadáa, ó ti bá a gbé rí.

"Wemin, gba àáké lọ́wọ́ ọkọ rẹ, kó o sì gbé omi gbígbóná yẹn kúrò lọ́nà. Ó ti dé."

"Kí ló dé?"

"Èyí tó mú Bomai."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tí Siune fi ju àáké sílẹ̀, tó ké. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí gbá ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dẹwọ́ fún un. Nígbà tó dákẹ́, Wemin gbé ojú sókè, kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo bá Bomai gbé."

"Mo ní báwo lo ṣe mọ̀ kó tó dé?"

Ní ọjọ́ kejì, ní wákàtí yẹn kan náà, ìrora náà tún dé. Ó tún dé lọ́jọ́ kẹta. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti gba ojú odò kan. Àwọn obìnrin ń fọ ẹ̀wù, wọ́n ń fọ Mogia mọ́ ọn.

"Ẹni tó mọ ìgbà tí àlejò ń bọ̀, òun ló ránṣẹ́ pè é," ni Dru wí.

"Ẹ̀gbọ́n kò tó o, ó tún kan àbúrò," ni Wemin gbè é.

Mogia gbọ́. Ó gbé àpò okùn rẹ̀ kọ́ orí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè. Bomai náà ti lọ síbẹ̀ rí nígbà ayé rẹ̀. Oògùn ibà ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tuntun ti dé báyìí, Sístà Gelua, obìnrin etíkun tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

"Tó bá ti mú un, ṣé ó máa ń dùbúlẹ̀?" ni Sístà bi í nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Siune.

"Dùbúlẹ̀ kẹ̀? Kò lè jókòó. Á máa rìn ni, á máa gbá orí."

"Ojú méjèèjì?"

"Òsì nìkan. Omi á máa dà níbẹ̀, imú á dí. Tó bá ti mu ọtí ní àsìkò tó ń ṣe é, kì í pẹ́ tó fi ń dé. Ti ọkọ mi rí bẹ́ẹ̀. Á ṣe é bí oṣù kan tàbí méjì, á lọ, ọdún á yí po, á tún padà."

Sístà jáde lọ sí orí òkìtì tí fóònù ti ń gbà, ó bá dókítà kan sọ̀rọ̀ nílùú. Nígbà tó wọlé padà, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀.

"Ó ní wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọ́rí tó máa ń wá lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni, ìrora rẹ̀ sì lè mú kí ènìyàn sá fún ayé. Ọ́síjìn ni kó fà símú, kó pọ̀, kó sì jẹ́ ní kété tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lè má pẹ́ tó fi máa lọ." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí igun ilé. Sílíńdà funfun kan dúró síbẹ̀, ẹnìkan ti fi fìlà kọ́ ọ lórí. "Àwọn ọmọ ọwọ́ tí àyà ń dùn la máa ń fi í ṣe ìtọ́jú fún. Mú ọkùnrin náà wá."

"Wọn ò ní tẹ̀lé mi, Sístà. Èmi ni wọ́n ní mò ń ṣe é."

Sístà ti rí obìnrin tí wọ́n fi iná bi léèrè ọ̀rọ̀ rí, òun ló di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kó tó kú.

"Ọkọ̀ wa wà nílùú, wọ́n ń tún táyà rẹ̀ ṣe. Tó bá ti dé, èmi náà á dé. Má bá ẹnikẹ́ni jà títí dìgbà yẹn. Ṣé o gbọ́?"

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Mogia fi gun òkè dé ẹ̀yìn ilé àwọn ọkùnrin. Ó gbọ́ ohùn nínú ilé náà, ó sì gbọ́ ohùn Dru lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí obìnrin kì í dé. Ó dúró sábẹ́ igi.

"Ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra jù lọ ni mo fẹ́," ni ohùn ọkùnrin kan wí. Mogia mọ̀ ọ́n: Kerenga, tí gbogbo àfonífojì ń pè ní Onídígí, tí ń wo àfọ́kù dígí kan tó sì ń dárúkọ àjẹ́. "Itan rẹ̀, kì í ṣe orí. Ojú mọmọ la sì máa ṣe é, níwájú gbogbo ènìyàn."

"Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi," ni Dru wí. "Ẹran tó bá wù ẹ́ ni kó o mú."

Òwìwí kan ké lórí igi tí Mogia dúró sí. Nínú ilé, gbogbo wọn dákẹ́. Ó tún ké, ó sì fò. Tọ́ọ̀ṣì tàn síta, ó tẹ̀lé ẹyẹ náà díẹ̀, ó sì padà wá sí ìdí igi. Ojú Mogia ló bá níbẹ̀.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kò sí ẹni tó tún bi òwìwí léèrè nǹkan kan. Wọ́n ti Mogia mọ́ ilé rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ méjì sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń sá kọfí ni wọ́n mú un lọ, wọ́n sì so ó mọ́ òpó. Gbogbo abúlé ti pé, kódà àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn ti rí ẹsẹ̀ rìn wá. Kerenga gbé dígí rẹ̀ yí ojú ọ̀run po, ó mí kanlẹ̀, ó sì mú ìgò ọtí líle kan jáde, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń sè nínú igbó.

"Siune máa mu èyí. Tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ bá wà nítòsí, ohun tó wà nínú rẹ̀ á gbọ́ òórùn, á sì kọlù ú lójú yín. Tí kò bá sí nítòsí, ọmọ yìí á sùn fọnfọn."

"Siune, má mu ún," ni Mogia wí. "Ọtí ló ń jí i. Bí Bomai ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ti ń bà á," ni Dru wí.

"Ẹ gbé mi lọ sí òdìkejì odò nígbà náà, kẹ́ ẹ tó fún un mu. Tí mi ò bá sí níbí tó sì tún mú un, kí lẹ máa sọ?"

Kerenga ti rí irú èyí rí. "Ẹyẹ kì í wọ ọkọ̀ ojú omi," ló wí, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

Siune mu ún. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ti fẹ́ kí nǹkan kan parí, ohun yòówù kó jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ dá iná ńlá, wọ́n ki àdá méjì bọ̀ ọ́. Mogia ń wo ojú ọ̀nà òkè, ó ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀. Ó gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó gbọ́ ọmọ tó ń sunkún, kò gbọ́ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà á gidi.

Oòrùn kò tíì dé orí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ rárá tí ìpéǹpéjú Siune fi wálẹ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó wá ké, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ariwo sọ láàárín àwọn ènìyàn. Ẹ̀rí ti dé.

Kerenga yọ àdá kan nínú iná. Ó ti pọ́n.

"Dá ọkàn rẹ̀ padà."

"Mi ò mú un."

"Ìyàwó Bomai, dá ọkàn ọmọ mi padà," ni Dru wí. Ó ń sunkún, ó sì ń wo àdá náà bí ẹni tó ń wo oúnjẹ. "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fi kàn ẹ́."

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ yọ. Táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ̀tí dé òkè. Sístà Gelua bọ́ sílẹ̀, awakọ̀ gbé sílíńdà funfun tẹ̀lé e. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo òpó, ó wo àdá, ó wo Siune nílẹ̀, ó sì dúró gbọn-in.

"Ẹ pa iná yẹn."

"Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, Sístà," ni Kerenga wí.

"Mi ò bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ilé yín. Atẹ́gùn tó wà nínú sílíńdà yìí ni yóò mú ìrora rẹ̀ lọ, ìyẹn náà ló sì máa ń mú kí iná ya wèrè. Tí mo bá ṣí i nítòsí iná, gbogbo wa la máa jó, àti ẹni tó so àti ẹni tí wọ́n so. Ẹ pa iná, ẹ pa sìgá, ẹ sì ju àdá yẹn sínú omi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gbé e padà sínú ọkọ̀."

"Ẹ má pa á o," ni Kerenga wí. "Iná yẹn nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Tẹ́ ẹ bá pa á, kò ní dá ọkàn náà padà mọ́ láé."

Siune ń fa ilẹ̀ ya. "Ìyá," ló wí. "Ìyá, iná. Ẹ pa á."

Dru wo iná tó ti fi ẹlẹ́dẹ̀ rà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Korobá omi tí wọ́n fi ń fọ kọfí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e, ó sì dà á sí iná náà gbàù. Ó tún gbé òmíràn. Èéfín bo gbogbo wọn lójú, wọ́n ń wúkọ́, kò sì sí ẹni tó ní ìgboyà láti dá ìyá arúgbó náà dúró.

Wọ́n gbé Siune jìnnà sí eérú. Sístà fi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó ṣí sílíńdà, atẹ́gùn ń ṣe ṣìì. "Tẹ̀ síwájú. Fà á símú. Máa fà á." Àwọn ènìyàn dúró tì wọ́n. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ Siune ṣì ń gbá ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń gbọ̀n lásán. Nígbà tó tún yá, ó dúró jẹ́ẹ́, ọkùnrin náà gbé orí sókè, ojú òsì rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀.

Kerenga kò fi àkókò ṣòfò. "Ẹ rí i? Ó ti dá a padà. Iná tó rí ló ṣe é. Ẹ tún un dá kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa tún un gbé lọ."

Mogia ló lọ pe ìwòsàn yìí, ìwòsàn yìí náà ló sì fẹ́ pa á. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá igi gbígbẹ. Ayọ̀ ti gba Dru lọ́kàn, ó sì na ọwọ́ sí ojú ọmọ rẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi ti rí ọkàn rẹ̀ gbà. Kò nílò nǹkan yìí mọ́."

"Ìyá, ẹ má ì tíì yọ ọ́," ni Sístà wí, ṣùgbọ́n Dru ti yọ ọ́.

Siune rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àtàǹpàkò rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó kérora. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Mogia. Ó wà lára òpó, ẹnu rẹ̀ pa dé, kò sí ẹyẹ lókè, kò sì sí ohun kan tó mì lára rẹ̀. Dru ń wá ibi tí ìbòmú náà wà. Ó fi í bo imú ọmọ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìrora náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣa igi ló sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọwọ́ Ìyá ni. Ó yọ ọ́, ó dé. Ó fi í sí i, ó lọ."

Òfin ni òfin. Kerenga wo dígí kíá, ọgbọ́n kì í tán lọ́wọ́ irú wọn. "Mo ti rí i látàárọ̀," ló wí. "Òjìji méjì ló wà nínú dígí yìí. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́. Ìyá ni ọ̀gá wọn."

Àwọn ọmọ tó ń pe Dru ní ìyá àgbà láàárọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ sún mọ́ ọn.

Inú Mogia dùn. Ẹ má jẹ́ á parọ́ mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa sọ, "òun ló kọ́ mi," iná tí wọ́n dá fún un á sì di ti ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ń dùn mọ́ ọn. Ó wo ọwọ́ arúgbó náà tó di ìbòmú mú, tí kò jẹ́ kó yẹ̀ kúrò lójú ọmọ rẹ̀ bí ikú tilẹ̀ ń sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun náà ṣe máa ń di orí Bomai mú.

"Kerenga," ló wí. "Wá bá wọn di nǹkan yẹn mú. Ó ti rẹ Ìyá."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. Ṣebí aríran ni ẹ́. Wá fi ọwọ́ ara rẹ dì í mú, ká wò ó. Tí ìrora náà ò bá padà wá, ìwọ lo dá a dúró nìyẹn. Á jẹ́ pé ìwọ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta wa."

Ẹnìkan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kerenga ní ọwọ́ òun kì í kan ohun ilé ìwòsàn.

"Wá dì í mú, Kerenga," ni Siune wí láti inú ìbòmú, ohùn rẹ̀ há. "Wá."

Kerenga sún sẹ́yìn. Ó tún sún. Àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là fún un, kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi là. Ó kọjá láàárín wọn, ó gba ọ̀nà òkè lọ, kò sì dúró gba itan ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Wemin ló wá jáde síwájú, Wemin tó bi Mogia pé báwo lo ṣe mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gba ìbòmú lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì dì í mú. Ìrora náà kò padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà wá, ó ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbà á lọ́wọ́ Wemin. Kò padà. Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Dru fúnra rẹ̀ ló lọ tú Mogia. Okùn náà ti le, èékánná rẹ̀ kò sì ràn án, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ yọ, Mogia kò wò ó. Ó rìn lọ bá Sístà, ó fi ọwọ́ kan irin tútù sílíńdà náà.

"Sístà, láti ọjọ́ wo lèyí ti wà nílé ìwòsàn?"

Sístà ń wo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀, kò gbé ojú sókè. "Mo bá a níbẹ̀ ni."

"Nígbà tí Bomai wá gba oògùn ibà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Fìlà ẹni tó fún un ní oògùn ibà ló o rí lórí rẹ̀ lánàá yẹn."

Mogia mi orí. Ní ọ̀sán yẹn ló wá sunkún, ẹkún tí wọ́n ti ń wá lójú rẹ̀ láti ilé ọ̀fọ̀, ó sunkún débi tí àwọn tó wà nítòsí fi kúrò fún un. Dru sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀.

"Mogia, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ, Ìyá." Ó mú ọwọ́ náà kúrò, kò fi agbára mú un. "Ẹ lọ di ìbòmú ọmọ yín mú. Èyí tí mo fẹ́ dì mú, ẹ ti bá mi sin ín."

Ó gbé àpò okùn rẹ̀ kọ́ orí, ó sì gba àárín eérú tútù náà kọjá lọ sílé rẹ̀.